Bọ́ṣì .22 há sínú sílíńdà Model 53: báwo ni mo ṣe máa yọ ọ́?

Ìrókò_Kékeré
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìjókòó o. Àna mi ọkùnrin tó ti ṣaláìsí fi ìbọn ìléwọ́ kan sílẹ̀ fún ìyàwó mi. Smith & Wesson Model 53 ni, oníhò mẹ́fà, ọ̀pá rẹ̀ gùn ní ínǹsì 6. Láti ìgbà tí mo ti mọ bàbá náà, inú dúrọ́ọ̀ ló wà, tí wọ́n fi asọ olóròóró wé e. Mo kọ́kọ́ rò pé .22 lásán ni, torí ihò tín-ín-rín ni mo rí lẹ́yìn sílíńdà, irin roboto tó ń yí, tí ọta ń wọ̀ sí. Àṣé irin mìíràn tó níhò nínú, èyí tí wọ́n ń pè ní bọ́ṣì, ni wọ́n kì sínú ihò ńlá! Mo rí ìlà roboto ibi tí irin méjèèjì ti pàdé.

Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló há. Mo ti fi èékánná fà á, kò mì. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi dírílì lù ú láti ẹ̀yìn. Ó tún ní tí mo bá yọ wọ́n tán, kí n fi fáìlì họ etí wọn díẹ̀ kí èèpo ọta .22 tó ti yìn lè máa rọrùn yọ. Mi ò tíì fọwọ́ kan dírílì. Kí lẹ rí sí i?

Bàbá_Ẹlẹ́rọ
Àbúrò, gbé dírílì yẹn jìnnà sí tábìlì. Mo fi ogójì ọdún ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tí ń gé irin, mo sì ti rí sílíńdà tí dírílì ti wọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ bọ́ṣì wọnú ògiri ilé ọta, ìyẹn ihò tí ọta ń wọ̀ nínú sílíńdà. Irin bọ́ṣì yẹn le. Dírílì kì í lọ tààrà nínú irin líle tó ti níhò tẹ́lẹ̀. Ibi tó bá rọ̀ fún un ló ń yà sí.

Ká tó sọ̀rọ̀ yíyọ, dáhùn ìbéèrè kan: ṣé ó dá ọ lójú pé kò sí ọta kankan nínú àwọn bọ́ṣì yẹn? Ṣí sílíńdà sílẹ̀, fi tọ́ọ̀ṣì tàn án láti iwájú, kí o wò ó láti ẹ̀yìn. Ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ gba inú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kọjá. Má fi "ó dà bíi pé ó ṣófo" dá mi lóhùn.

Ọdẹ_Ọ̀sán
Bàbá ti sọ èyí tó ṣe kókó jù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ irú ìbọn yìí mọ́.

Ọdún 1961 ni Model 53 dé ọjà, ó sì kúrò ní 1974. Ọta tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é ni .22 Remington Jet, tí Remington àti Smith & Wesson jọ gbé kalẹ̀. Èèpo .357 Magnum ni wọ́n fún lọ́rùn títí orí ọta .22 fi bá a mu, ìyẹn ló ṣe rí bí ìgò tí ọrùn rẹ̀ gùn. Ọta ìlù-àárín ni: àárín ìdí rẹ̀, níbi tí práímà tó ń tan iná sí ẹ̀tù wà, ni abẹ́rẹ́ ìbọn ń gún. Ọta .22 tí gbogbo ayé mọ̀ ní tirẹ̀, ìlù-etí ni. Kò ní práímà, etí ìdí rẹ̀ ni oògùn iná wà.

Wọ́n wá ní kí ẹni tó ra Model 53 lè máa fi .22 Short, Long àti Long Rifle ṣeré láìjẹ owó ọta Jet. Bọ́ṣì mẹ́fà ni wọ́n fi yanjú ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ilé ọta kọ̀ọ̀kan. Wo òòlù ìbọn náà, wàá rí irin kékeré kan tí èèyàn lè fi ìka yí sókè-sódò. Òun ló ń yan abẹ́rẹ́ tí òòlù máa lù, torí abẹ́rẹ́ méjì ló wà nínú férémù, ìyẹn ara ìbọn tó gbé gbogbo rẹ̀ ró: ọ̀kan fún àárín, ọ̀kan fún etí. Ọgbọ́n yìí dára lójú mi. Bọ́ṣì gan-an ni kò dùn ún lò, ìdí nìyẹn tí ilé-iṣẹ́ náà fi tún ń ta odidi sílíńdà .22 fún ẹni tó bá fẹ́.

Táyélolú_R
Ẹ má bínú, mo ní Ruger Single-Six, òun náà ń lo oríṣi ọta .22 méjì, mi ò sì rí bọ́ṣì kankan nínú tèmi. Ṣé tèmi ti sọnù ni?

Ọdẹ_Ọ̀sán
Rárá o, kò sí ohun tó sọnù. Sílíńdà méjì ni tìrẹ ń lò: ọ̀kan fún .22 Long Rifle, èkejì fún .22 WMR (Winchester Magnum Rimfire). Ọta ìlù-etí ni méjèèjì, nítorí náà abẹ́rẹ́ kan náà ló ń gún wọn. Àmọ́ má ki Long Rifle sínú sílíńdà WMR láéláé. Èèpo Long Rifle fẹ̀ ní ínǹsì .226, ti WMR jẹ́ .242. Á wọlé wọ̀ọ̀, á sì yìn, ṣùgbọ́n èèpo á wú, á ya, afẹ́fẹ́ gbígbóná á sì tú sẹ́yìn sí ọ lójú. Wo iwájú sílíńdà kejì dáadáa: nọ́ńbà mẹ́ta tí wọ́n máa ń kọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ bá mẹ́ta tó gbẹ̀yìn nínú nọ́ńbà férémù rẹ mu. Bí kò bá bá a mu, sílíńdà ìbọn ẹlòmíràn lo ní lọ́wọ́.

Ìrókò_Kékeré
Mo ti tan tọ́ọ̀ṣì. Ìmọ́lẹ̀ gba inú márùn-ún kọjá. Ìkẹfà dí. Mo fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi wò ó láti ẹ̀yìn, mo rí ìdí ọta .22 nínú rẹ̀. Etí rẹ̀ ní àpá abẹ́rẹ́. Torí náà ó ti yìn, àbí?

Bàbá_Ẹlẹ́rọ
Dúró ńbẹ̀!

Àpá abẹ́rẹ́ kò túmọ̀ sí pé ó ti yìn. Ọta ìlù-etí a máa kọ̀; abẹ́rẹ́ á gún un, kò ní dún. Bí oògùn iná kò bá tẹ́ yí etí ká dáadáa, ibi tí abẹ́rẹ́ gún lè má ní oògùn nínú, kí ibi tó kù sì ní. Ọta bẹ́ẹ̀ wà láàyè, òòlù tí o bá sì fi lu bọ́ṣì lè jí i. Inú sílíńdà tó wà lọ́wọ́ rẹ ló ti máa bú, láìsí ọ̀pá ìbọn tí yóò gbà jáde.

Bọ́ṣì kẹfà yẹn kúrò nínú iṣẹ́ ilé. Kò sí rírẹ, kò sí gbígbóná, kò sí títì. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á wá sọ pé òróró máa ń pa ọta. Mo ti gbọ́ ọ. Òróró lè pa á, ó sì lè má pa á, o kò lè fi ojú mọ èyí tó ṣe. Fi sílíńdà hàn alágbẹ̀dẹ ìbọn tó ní ìwé àṣẹ, kí o sọ fún un lórí fóònù kí o tó gbé e dé pé ohun kan há sínú rẹ̀ tí o kò mọ̀ bóyá ó wà láàyè.

Àdùkẹ́_Atamátàsé
Mo ti Bàbá lẹ́yìn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á láìsọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ "ó ti ní àpá" yẹn ti tan èèyàn púpọ̀ jẹ. Ní pápá ìtàfojúsùn tí mo ti ń kọ́ àwọn tuntun, bí ọta bá kọ̀, a máa ń gbá ẹnu ìbọn mọ́ ibi tí a ń ta sí, ka ìṣẹ́jú àáyá ọgbọ̀n, kí a tó ṣí i.

Ní ti márùn-ún tó kù, mo ti bá irú ẹ̀ pàdé rí nínú ìbọn ọkọ mi, bọ́ṣì méjì ló há nígbà náà. Kì í ṣe ìpẹtà ló mú wọn. Òróró àtijọ́ ni. Bí òróró bá jókòó fún ọgbọ̀n ọdún, ó ń di oje igi, ó ń lẹ̀ bí àtè. Dúdú ẹ̀tù àti òjé tún ń bá a pò láti iwájú.

Ohun tí mo ṣe rèé. Mo yọ sílíńdà kúrò nínú férémù kí n tó fi ohunkóhun ti ohunkóhun. Èyí ṣe pàtàkì: bí o bá ń lu bọ́ṣì nígbà tí sílíńdà ṣì rọ̀ mọ́ apá tó gbé e, apá yẹn ló máa tẹ̀, sílíńdà kò sì ní bá ọ̀pá ìbọn dọ́gba mọ́. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún férémù, síkúrúù tó wà níwájú pátápátá lára páálí irin ẹ̀gbẹ́ ló di apá náà mú. Tú u, ṣí sílíńdà, kí o fà á síwájú. Lo sikuruduráfà tí ẹnu rẹ̀ kún ojú síkúrúù náà gan-an. Ojú síkúrúù tó ti bó ni àwọn tó ń ra ìbọn àtijọ́ kọ́kọ́ ń wò.

Ìrókò_Kékeré
Ẹ̀gbọ́n Àdùkẹ́, ẹ ṣé. Ṣé mo gbọ́dọ̀ tú ọ̀pá kékeré tó ń ti èèpo jáde náà?

Àdùkẹ́_Atamátàsé
Kò pọn dandan. Tí o bá sì máa tú u, òdì ni okùn síkúrúù rẹ̀ ń lọ lórí àwọn tí wọ́n ṣe láti nǹkan bí 1960, torí náà bí o ṣe ń dè é tẹ́lẹ̀ lo máa fi tú u. Ki èèpo òfìfo sínú àwọn ilé ọta kí irin oníràwọ̀ tó ń ti èèpo jáde má bàa yí lórí àwọn pín-ìn-nì kéékèèké tó dì í mú. Àmọ́ nígbà tí bọ́ṣì ṣì há nínú gbogbo ilé, fi sílẹ̀ ná.

Bàbá_Ẹlẹ́rọ
Màá fi tèmi kún un.

Rírẹ ló ń ṣe ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá iṣẹ́ yìí. Ra òróró tó ń rá wọnú ìpẹtà, kí o kán an sí ìlà ibi tí irin méjèèjì ti pàdé, láti ẹ̀yìn àti láti iwájú. Gbé e sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Kán òmíràn. Ọjọ́ mẹ́rin, ọjọ́ márùn-ún, kò pọ̀ jù. Mo mọ̀ pé ọwọ́ ń yún ẹ, èmi náà jẹ́ ọ̀dọ́ rí.

Lẹ́yìn náà, nígbà tí alágbẹ̀dẹ ìbọn bá ti yọ ìkẹfà tán, kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀pá tó ń ti èèpo jáde, wọ́ọ́rọ́wọ́, láìsí òòlù. Bí o bá lu ọ̀pá yẹn, á tẹ̀, ọ̀pá tó bá sì tẹ̀ kì í jẹ́ kí sílíńdà yí geere mọ́. Bí kò bá ṣiṣẹ́, gbé ẹ̀yìn sílíńdà lé pákó tí o ti gbẹ́ ihò sí, kí ó má jókòó lórí eyín àárín tó ń yí i. Fi ọ̀pá igi líle tì í láti iwájú. Ilé ọta Jet fẹ̀ lẹ́yìn, ó tín-ín-rín níwájú, bọ́ṣì náà sì bá a mu. Ẹ̀yìn nìkan ló lè gbà jáde. Ẹni tó bá ń tì í láti ẹ̀yìn ń kàn án mọ́lẹ̀ ni.

Bí ọ̀pá igi bá gba inú bọ́ṣì kọjá láìrí ibi gbá, mú búrọ́ọ̀ṣì onídẹ tó tóbi ju ihò bọ́ṣì lọ díẹ̀, kí o tì í wọlé láti iwájú. Irun búrọ́ọ̀ṣì á gbá inú bọ́ṣì mú, á sì máa tì í lọ sẹ́yìn. Ọgbọ́n tí a máa ń fi yọ èèpo tó já sínú ìbọn ni.

Iná gáàsì ńkọ́? Rárá. Irin kan náà ni méjèèjì, wọ́n á jọ wú ni. Ohun tí wàá bàjẹ́ ni àwọ̀ dúdú aró rẹ̀, tí o bá sì gbóná jù, líle irin sílíńdà náà á lọ.

Ayùn_Idẹ
Ohun kan wà tí àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn ń lò, Cerrosafe ni orúkọ rẹ̀. Irin ni, ṣùgbọ́n ó ń yọ́ ní nǹkan bíi 70 sí 88 °C, omi tí kò tíì hó gan-an lè yọ́ ọ. Wọ́n ń dà á sínú ilé ọta láti fi mọ bí inú rẹ̀ ṣe rí. Ó wúlò fún nǹkan tó há náà: tí o bá ti dí iwájú, dà á sínú bọ́ṣì, jẹ́ kó dì, wàá ti rí ibi tí ọ̀pá lè gbá. Bó bá kù díẹ̀ sínú rẹ̀, omi gbígbóná á yọ ọ́. Mo ti lò ó lẹ́ẹ̀mejì. Fún márùn-ún tó mọ́ nìkan ni mò ń sọ o, ẹ má fi kan ìkẹfà.

Ìrókò_Kékeré
Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ ẹ́. Alágbẹ̀dẹ ìbọn ní kí n mú ìkẹfà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀; ó ní kí n má yọ ohunkóhun mìíràn títí yóò fi rí i. Torí náà mo dáwọ́ títì dúró, mo kàn ń kán òróró sí márùn-ún.

Ẹ dá mi lóhùn ìbéèrè kejì: etí tí mo fẹ́ họ ńkọ́?

Ọdẹ_Ọ̀sán
Má họ ọ́.

Bàbá_Ẹlẹ́rọ
Ẹ jẹ́ kó mọ ìdí ẹ̀, ọmọ tó ń béèrè kì í ṣe aláìgbọ́ràn.

Etí ìdí ọta .22 ni gbogbo ọ̀rọ̀. Òun ló ń dá ọta dúró, òun náà ni abẹ́rẹ́ ń tẹ̀ mọ́ irin kí oògùn lè gbiná. Etí yẹn kò ju ínǹsì .043 lọ ní kíki. Àyè tó wà láàárín ojú bọ́ṣì àti irin ẹ̀yìn férémù gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu. Bí o bá họ ojú bọ́ṣì níbi tí etí ọta jókòó lé, ọta á wọlé jù. Abẹ́rẹ́ á máa tì í síwájú dípò kó tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, wàá wá máa rí ọta tó ń kọ̀. Èyí tó bá sì yìn, èèpo rẹ̀ á sún sẹ́yìn, ibi tí kò ní ògiri irin tó gbé e ró á wú tàbí kó ya. Fáìlì tó gbà á ní ìṣẹ́jú kan láti họ ọ́ kò lè dá a padà.

Idọ̀tí náà ń ṣe òdìkejì. Bí bọ́ṣì kò bá jókòó dé ìdí nítorí dúdú ẹ̀tù, yóò yọ síta, á sì máa ha irin ẹ̀yìn nígbà tí sílíńdà bá ń yí. Ọta ìlù-etí ni a sì ń sọ: etí rẹ̀ kò fẹ́ kí irin máa ha á. Bí sílíńdà bá wúwo láti yí, má fi agbára yí i.

Táyélolú_R
Ṣé kò ṣeé ṣe kí wọ́n gbẹ́ inú bọ́ṣì náà fẹ̀ kó gba .22 WMR? Mo kàn ń béèrè.

Bàbá_Ẹlẹ́rọ
Ìbéèrè dáadáa ni, ìdáhùn rẹ̀ burú. Ro ó pẹ̀lú nọ́ńbà. Èèpo Long Rifle gùn ní ínǹsì .613, torí náà ibi tí bọ́ṣì ti sanra ló jókòó sí. Èèpo WMR gùn tó 1.055. Èèpo Jet fúnra rẹ̀ jẹ́ 1.288, ọrùn rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí .25 ní ìta. Bí WMR bá wọ inú bọ́ṣì tó ní irú àwòrán yẹn, ẹnu rẹ̀ á dé ibi tí ara bọ́ṣì ti ń tín-ín-rín lọ sí ọrùn. Èèpo tó fẹ̀ ní .242, nínú irin tó ń lọ sí nǹkan bí .25: pín ìyókù sí méjì, kí o sọ fún mi bóyá ògiri ni o fẹ́ máa pè é.

Àdùkẹ́_Atamátàsé
Yàtọ̀ sí ewu, ẹ wo owó náà. Bọ́ṣì mẹ́fà tó pé, tí ẹnikẹ́ni kò họ, wà lára ohun tí àwọn tó ń kó ìbọn Smith & Wesson jọ ń wá. Ẹni tó bá sọ ọ̀kan nù máa ń wá a títí. Tó bá jẹ́ ìrọ̀rùn .22 ni àbúrò fẹ́, kó wá sílíńdà .22 tí wọ́n ṣe fún Model 53, kí alágbẹ̀dẹ ìbọn bá a wọ̀n ọ́n mọ́ férémù rẹ̀. Sílíńdà tó wá láti ara ìbọn mìíràn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé wọlé lásán. Ilé ọta gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ọ̀pá nígbà tí òòlù bá gòkè tán, àlàfo tó wà láàárín sílíńdà àti ọ̀pá ìbọn náà gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bí ínǹsì .004 sí .010.

Ní Amẹ́ríkà, férémù tó ní nọ́ńbà lára ni òfin ìjọba àpapọ̀ ń pè ní ìbọn, sílíńdà àti bọ́ṣì kì í ṣe ìbọn lójú rẹ̀. Àmọ́ wo òfin ìpínlẹ̀ rẹ kí o tó ránṣẹ́ rà á.

Ayùn_Idẹ
Nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ: ẹ má fa tírígà lórí òfìfo nígbà tí òòlù bá wà ní ipò ìlù-etí. Kò sí etí ọta tí yóò gba abẹ́rẹ́, ojú bọ́ṣì ló máa gún. Á tẹ ihò kékeré sí ẹnu bọ́ṣì, irin á sì wú wọ inú ihò, ọta kò sì ní wọlé mọ́ dáadáa. Ó ṣeé ṣe kí ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ fi fáìlì họ jẹ́ àpá bẹ́ẹ̀.

Ìrókò_Kékeré
Ẹ kú ìdúró. Mo ti ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ìbọn dé.

Òun ló yọ ìkẹfà, ní ẹ̀yìn gíláàsì nípọn, kò jẹ́ kí n wà nítòsí. Ọta tó kọ̀ ni o, orí ọta ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀tù ṣì wà nínú rẹ̀. Bàbá Ẹlẹ́rọ, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún yín. Dírílì ṣì wà lórí tábìlì mi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kọ̀wé.

Márùn-ún tó kù jáde wọ́ọ́rọ́ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ òróró: ọ̀pá ìtìjáde gbé mẹ́ta, búrọ́ọ̀ṣì onídẹ gbé méjì. Oje tó yọ lára wọn ní àwọ̀ oyin. Mẹ́rin ní àpá abẹ́rẹ́ lẹ́nu, bí Ayùn ṣe sọ. Ọkùnrin náà ní òun ní irin kan tó ń ti ẹnu ihò padà sípò láìgé nǹkan kúrò, ó ti ṣe méjì níṣojú mi.

Bàbá_Ẹlẹ́rọ
Olúwa ṣeun. Nígbà tí o bá dá wọn padà, jẹ́ kí ilé ọta gbẹ, kó gbẹ táútáú. Bí o bá fẹ́ yin Jet fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kan, òróró ni ọ̀tá rẹ̀: èèpo rẹ̀ tó rí bí ìgò kì í rí ògiri dì mú, á yọ̀ sẹ́yìn, á sì fún sílíńdà pa. Fi ọtí nu èèpo àti ilé ọta kí o tó kì í.

Ìrókò_Kékeré
Mo gbọ́, bàbá. Mo ti kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú àpótí pákó kan, ìyàwó mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ihò mẹ́fà sí i. Bọ́ṣì kò tún ní sùn nínú sílíńdà mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá rí sílíńdà .22 fún un, ẹ ké sí mi.